Ìgò mẹ́ta, orúkọ kan: èwo ni Soave gan-an?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgò wáìnì funfun mẹ́ta ló ti wọ ilé mi láti oṣù tó kọjá, Soave ni wọ́n kọ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fi pọ́n-ùn méje ra ọ̀kan fúnra mi, kò yàtọ̀ sí omi tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé ìkejì wá, 'Soave Classico' ló wà lára rẹ̀, ìyẹn dùn débi pé n kò rántí bù fún ọkọ mi. Ìkẹta, ìgò kékeré kan tí àbúrò mi rà bọ̀ láti Verona, ó pọ́n bí oyin, ó sì dùn bí oyin. Ṣé ọtí kan náà ni wọ́n? Èwo ni ayédèrú? Ọjọ́ ìbí màmá mi ń bọ̀, mo sì fẹ́ fi ṣe àlejò."

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí ayédèrú níbẹ̀. Soave ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ìyá kan sì ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti gbin àjàrà, iye tí àgbẹ̀ jẹ́ kí igi kan so, àti ohun tí wọ́n ṣe sí èso náà lẹ́yìn ìkórè ló sọ wọ́n di mẹ́ta.

Soave, orúkọ ìlú ni. Ìlú kékeré kan ni ní ẹkùn Veneto ní ilẹ̀ Ítálì, níhà ìlà-oòrùn Verona. Ó lé díẹ̀ ní ogún kìlómítà sí i. Ògiri àtijọ́ yí i ká, odi ńlá tí ìdílé Scaligeri tó jọba lé Verona nígbà kan rí kọ́ sì jókòó sórí òkè. Bí o bá dúró ní ẹsẹ̀ odi yẹn tí o kọjú sí àríwá, òkè lo máa rí, òkè lórí òkè, àjàrà ni gbogbo rẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ àwọn òkè Lessini tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù wá lálẹ́. Yí padà sí gúúsù, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé títì márosẹ̀. Àjàrà ni ìyẹn náà. Ọtí orí òkè àti ọtí pẹ̀tẹ́lẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Ààlà tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1931, orí òkè Soave àti ti Monteforte d'Alpone ló yí ká. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún Soave ní DOC ní 1968, ìyẹn òfin tó ń sọ ibi tí ọtí gbọ́dọ̀ ti wá àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é, wọ́n fa okùn ààlà náà gùn gan-an, ó sì kó pẹ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wá fún òkè àtijọ́ yẹn ní orúkọ tirẹ̀: Classico. Ọjà ló fà á. Lákòókò yẹn, ilé ọtí bíi Bolla ti gbé Soave dé Amẹ́ríkà, ó sì ń tà wàràwàrà. Ta ló máa rí ọjà tó ń tà tí yóò ní òun kò ní ọtí tó tó?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń gbé ọtí fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ kan ní London, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ ṣá bu funfun kan fún mi," Soave la máa ń bù. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọdún rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó ṣe é. Èmi náà kò bèèrè. "Omi aláwọ̀ ewé" ni mo máa ń pè é nínú ọkàn mi. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tó bu èyí tó dára sí gíláàsì mi láìsọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo ní Burgundy ni, ọtí ilẹ̀ Faransé tó lórúkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi.

Jẹ́ kí n sọ ti àjàrà náà fún ọ, torí ìwà rẹ̀ ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Garganega ló ń jẹ́ (bá mi pè é: Ga-gá-ne-ga). Òfin ní ó kéré tán 70 nínú 100 àjàrà inú ìgò Soave gbọ́dọ̀ jẹ́ òun. Trebbiano di Soave tàbí Chardonnay lè kún ìyókù. Igi Garganega kì í ṣọ̀lẹ. Ṣiri rẹ̀ gùn, ó sì tú sílẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Èèpo èso rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó pọ́n: nígbà tí wọ́n bá ti ká ọ̀pọ̀ àjàrà funfun kúrò lóko, òun ṣì wà lórí igi, oṣù kẹsàn-án á ti ń parí lọ, ìkẹwàá á ti ń yọjú. Abẹ́ ohun kan tó jọ àtíbàbà ni wọ́n ti ń tọ́ ọ láti ayébáyé. Wọ́n á ri òpó, wọ́n á na igi àti wáyà lé e lórí, ẹ̀ka á ràn sókè, ṣiri á wá máa rọ̀ sísàlẹ̀ lábẹ́ òjìji ewé, níbi tí oòrùn kò ti ní jó o. Ní 2018, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, fi àwọn oko àtijọ́ Soave wọ̀nyí sára ogún iṣẹ́ àgbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú.

Ìwà Garganega kan ṣoṣo ló ń kó bá a: ó máa ń so jù. Fún un ní ilẹ̀ ọlọ́ràá, jẹ́ kó rí omi mu, má gé nǹkan kan lára rẹ̀, yóò so títí àtíbàbà yóò fi fẹ́ wó. Ṣùgbọ́n adùn tí igi kan lè fún èso rẹ̀ níwọ̀n. Ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n sè fún èèyàn mẹ́fà tí àlejò mẹ́wàá mìíràn wá já lé wọn lórí. Omi ni ìyàwó ilé máa bù kún un. Gbogbo wọn á jẹ, wọn á dúpẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ọbẹ̀ yẹn lọ́la. Ìgò pọ́n-ùn méje rẹ nìyẹn. Kò bàjẹ́, wọn kò sì ṣe ọ́ ní jìbìtì. Wọ́n kàn bomi lù ú látorí igi ni.

Òfin pàápàá mọ̀ pé àrùn rẹ̀ nìyí, ó sì fi iye sí i: tọ́ọ̀nù 15 àjàrà lórí hẹ́kítà kan ni wọ́n gbà láàyè fún Soave lásán, 14 fún Classico, 10 fún Soave Superiore (mo ń bọ̀ lórí ìyẹn). Wo 15 sí 14 yẹn dáadáa. Tọ́ọ̀nù kan péré kọ́ ló sọ ìgò ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ di ohun tí o kò fẹ́ bù fún ọkọ rẹ. Lórí òkè, ilẹ̀ kò nípọn, omi kì í dúró, igi fúnra rẹ̀ kò lè so bó ṣe wù ú. Àgbẹ̀ tó sì mọ ohun tó ń ṣe á tún wọ oko nígbà tí èso ṣì tútù, yóò gé ṣiri tó dára dà sílẹ̀ kí èyí tó kù lè rí jẹ. Mo ti rí àgbàlagbà kan tó ń ṣe é. Ó gé e, ó jù ú sílẹ̀, ó tún gbé e sókè wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó tún jù ú sílẹ̀.

Ilẹ̀ òkè náà kì í ṣe oríṣi kan. Níbi tó pọ̀ jù nínú Classico, òkúta dúdú ló wà nílẹ̀, èyí tí òkè oníná pọ̀ jáde láyé àtijọ́ nígbà tí òkun ṣì bo ibẹ̀. Lápá ìwọ̀-oòrùn, nítòsí ìlú Soave fúnra rẹ̀, òkúta funfun bí ẹfun ló wà níbẹ̀. Ìdílé Pieropan, tó ń ṣe ọtí níbẹ̀, ní oko lórí méjèèjì, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ kò sì nílò olùkọ́ mìíràn. Leonildo Pieropan, tó kú ní 2018, ló kọ́kọ́ mú kí oko kan dá dúró nínú ìgò ní Soave: Calvarino ní 1971, La Rocca ní 1978. Calvarino, bí ẹni ń sọ pé "Kalfari kékeré", nítorí ìyà tí ilẹ̀ náà fi ń jẹ ẹni tó bá ń ro ó. Òkúta dúdú ni. Garganega àti Trebbiano di Soave ló wà níbẹ̀, kò sì fojú kan àgbá onígi rárá. Orí ilẹ̀ funfun ni La Rocca wà ní tirẹ̀, Garganega nìkan, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sínú àgbá onígi.

Bu méjèèjì sí gíláàsì méjì, kí o gbé wọn síwájú fèrèsé. Calvarino mọ́ gaara, ó ní àwọ̀ ewéko díẹ̀ létí. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, o lè rò pé kò ní nǹkan kan nínú. Dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, òórùn èso píà yóò yọ, òdòdó funfun, èèpo ọsàn wẹ́wẹ́. Lẹ́nu, ó kan díẹ̀, ó gún bí abẹ́rẹ́, ó sì fi nǹkan bí iyọ̀ sílẹ̀ létí ahọ́n. La Rocca pọ́n jù ú lọ, ó sanra, ó ń rọra yí lẹ́nu, ó ń ta sánsán bí ápù tó ti pọ́n jù àti èkùrọ́ tí wọ́n yan. Ṣùgbọ́n ní ìparí, nígbà tí o bá ti gbé e mì, ohun kan náà ni méjèèjì máa fi sílẹ̀: ìkorò kékeré kan, tó mọ́, tí kò dunni. Àwọn òyìnbó ń fi wé álímọ́ńdì. Bí o bá gbé ní ilé ẹ̀kọ́ tí igi fúrúùtù wà nínú ọgbà rẹ̀, tí ẹ máa ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ kí ẹ lè jẹ ọmọ inú rẹ̀, o ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí n kò bá rí ìkorò yẹn nínú gíláàsì, èmi kì í gbà pé Soave ni mo ń mu.

Trebbiano di Soave tí mo dárúkọ yẹn, kò bá Trebbiano Toscano, àjàrà funfun mìíràn, tan, orúkọ lásán ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ara Verdicchio ni, àjàrà funfun ẹkùn Marche. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ igi, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, ti fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Òun ló ń fi kíkan kún Garganega. Garganega pẹ̀lú ní orúkọ mìíràn ní Sicily, Grecanico ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ará oko kì í gbé ibì kan.

Wàyí o, ìgò kékeré tí àbúrò rẹ rà. Recioto di Soave nìyẹn, wo ara rẹ̀ dáadáa, wàá rí ọ̀rọ̀ náà. Èyí ni mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀. Ní èdè àwọn ará Verona, etí ni "recia". Ṣiri àjàrà máa ń yọ apá kékeré méjì lókè, bí etí lára orí. Ibẹ̀ ni oòrùn ti ń bá a jù, ibẹ̀ ló sì máa ń dùn jù. Wọ́n á ṣa ṣiri tó dára jù, wọ́n á gbé e lọ sí òkè àjà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé fẹ́ jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí àtẹ tàbí kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀. Wọn kì í sá a sóòrùn o. Yóò wà níbẹ̀ láti ìgbà ìkórè títí ọdún tuntun yóò fi wọlé, títí oṣù kejì nígbà mìíràn, yóò máa hunjọ, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ, ṣúgà rẹ̀ á máa kì. Nígbà tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́, ohun tó máa jáde kì í pọ̀. Ṣúgà náà pọ̀ débi pé ìwúkàrà kò ní lè jẹ ẹ́ tán kó tó rẹ̀ ẹ́, èyí tó kù ló mú kí ọtí náà dùn. Garganega ṣì kan díẹ̀ nínú gbogbo dídùn yẹn, òun ni kò fi lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu bí omi ṣúgà. Ní 1998, Recioto di Soave di ọtí àkọ́kọ́ ní gbogbo Veneto tí wọ́n fún ní DOCG, ipò tó ga jù nínú òfin wáìnì Ítálì.

Wọ́n ń ṣe Soave tó ń hó bákan náà. Mu ún bí o bá rí i, má wá a kiri.

Ti Superiore, ṣọ́ra. Ní 2001 ni wọ́n fún Soave Superiore ní DOCG: èso tó kéré, agbára ọtí tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 12 nínú 100. Lórí ìwé, òun ló yẹ kó borí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọtí tó dára níbẹ̀ kò kọbi ara sí i, Classico lásán ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ títí dòní. Àwọn míì tiẹ̀ bínú jáde. Roberto Anselmi, tí oko rẹ̀ wà lórí òkè dáadáa, kọ orúkọ Soave sílẹ̀ pátápátá bí ọdún 2000 ṣe ń wọlé, ó ní òfin náà ń gbè lẹ́yìn àwọn tó ń bomi lù ú. Ọtí rẹ̀ kò ní Soave lára mọ́, orúkọ ẹkùn Veneto nìkan ló wà níbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń rà á. Mo gbà pé ó ní ẹjọ́ láti rò, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé kì í ṣe gbogbo wọn ló bá a lọ. Bí gbogbo ọmọ gidi bá jáde nílé, ta ni yóò jẹ́ orúkọ bàbá?

Àwọn tó dúró ti rí nǹkan ṣe. Láti 2019, wọ́n lè kọ orúkọ òkè tí àjàrà ti wá sára ìgò, 33 ni wọ́n kà sílẹ̀: Foscarino, Castelcerino, Froscà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́ wá Classico. Lẹ́yìn náà, wá orúkọ òkè kan. Lẹ́yìn náà, yí ìgò padà kí o wo bóyá "imbottigliato all'origine" wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ń sọ pé ẹni tó ni àjàrà ló rọ ọtí náà sínú ìgò. Pieropan, Gini, Prà, Inama, o kò lè ṣìnà pẹ̀lú wọn. Má sì fojú di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àwọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú Soave, Cantina di Soave ti wà láti 1898. Àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ ṣúnṣún tí kò ní táǹkì, níbo lo fẹ́ kó gbé àjàrà rẹ̀ lọ? Àwọn ìgò kan wà tí wọ́n ń ṣe láti orí òkè nìkan, tí owó wọn kò sì wọ́n.

Ó kù sí tábìlì màmá. Má jẹ́ kí Classico tutù jù. Bí ó bá tutù bí yìnyín, omi ni yóò jọ, owó rẹ á sì ṣòfò. Mú un jáde nínú fíríìjì ní ogún ìṣẹ́jú kí o tó ṣí i. Bí ó bá ṣẹ́kù, dé e padà, ó máa ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Èyí tó dára gan-an lè lo ọdún mẹ́wàá nínú ìgò, yóò wá máa rùn bí oyin láìjẹ́ pé ó dùn.

Ẹja sísun ni kí o gbé tì í, tàbí mọ́ínmọ́ín elédé. Ata rodo tó pọ̀ kì í bá a ṣọ̀rẹ́, ata yóò gba ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ayamáṣe, fún un ní omi tàbí bíà tútù. Bí o bá rí ókpórókó rà, inú mi á dùn. Kì í ṣe àwàdà ni mo ń ṣe. Ní 1432, ìjì gbé Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Røst ní Norway. Níbẹ̀ ló ti rí ẹja tí wọ́n so rọ̀ sínú atẹ́gùn títí ó fi le bí igi. Títí dòní, ní Vicenza, ìlú tó múlé ti Verona, wọ́n ṣì ń rẹ ẹja Norway yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fi àlùbọ́sà, mílíìkì àti òróró ólífì sè é lórí iná díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi àgbàdo tí wọ́n rò bí àmàlà jẹ ẹ́. Gíláàsì Soave ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹja kan náà ló wà lọ́jà wa. Dín ata rẹ̀ kù, kí o fi àlùbọ́sà tó pọ̀ sè é.

Ìgò pọ́n-ùn méje, bù ú sínú ìkòkò tí o bá ń sè édé. Recioto, fi pamọ́ di ẹ̀yìn oúnjẹ, bu díẹ̀ sí gíláàsì kékeré, kí o gbé ẹ̀pà yíyan tàbí wàràkàṣì tó ní iyọ̀ tì í. Ṣùgbọ́n má bù ú pẹ̀lú kéèkì ọjọ́ ìbí. Kéèkì tí wọ́n fi ṣúgà bò dùn jù ú lọ, yóò sì mú kó kan lẹ́nu màmá. Jẹ́ kí wọ́n mu tiwọn tán ná, kí ẹ tó gé kéèkì.